Odò Ògùn àti Àwọn Tó Lè Wò Ó Sàn

Láti orí òkè tó wà lágbègbè Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni Odò Ògùn ti ń ṣẹ̀ wá. Ó gba inú igbó ọba Old Oyo National Park kọjá, ó dé Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn níbi tí wọ́n ti fi dáàmù sé e, ó sọ̀ kalẹ̀ gba Olókèméjì, ó la Abẹ́òkúta já lábẹ́ afárá Láfẹ́nwá, lẹ́yìn náà ló wá ń fà lọ sí ìsàlẹ̀ títí ó fi kan Àkútè àti Ìṣẹri kó tó dà sínú ọ̀sà Èkó. Odò Òfìkì àti Odò Ọ̀yán ń gba apá ìwọ̀-oòrùn wá kún un. Bí a bá da gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wá bá odò yìí pọ̀, ó ju 20,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ẹni tó ń dáná sungbó nítòsí Ṣakí, ẹni tó ń ṣe èédú ní Ìbàràpá, alápatà Láfẹ́nwá, aláró Kẹ́mta, ẹni tó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ odò, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ nínú omi kan náà.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ilẹ̀. Ìtàn Yemọja tí wọ́n ń sọ nílẹ̀ Yorùbá ni pé ọ̀dọ̀ Òkèrè, ọkọ rẹ̀ ní Ṣakí, ló ti sá kúrò nínú ìbínú, tó ṣubú lójú ọ̀nà, tó sì di odò tó ń ṣàn lọ sí òkun. Ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ni ojúbọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń bọ ọ́ lọ́dọọdún. Ẹni tó gba ìtàn náà gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ yóò gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ̀ dájú pé Ṣakí lọ́hùn-ún ni omi tó dé Ìbarà ti ń bọ̀, àti pé ohun tó bá ṣe é lókè yóò hàn nísàlẹ̀.

Ta ló wá yẹ kó tọ́jú odò náà lónìí? Ìbéèrè yìí ti di iṣu-ata-yán-an-yàn-an. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún ìjọba àpapọ̀ láǹfààní láti gba àkóso omi tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ. Ọdún 1976 ni ìjọba ológun dá àwọn àjọ agbada odò sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, tiwa sì ni Àjọ Ìdàgbàsókè Agbada Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta títí di òní. Àjọ yìí ló ń ṣàkóso dáàmù. Ilẹ̀ etí odò ńkọ́? Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ìyẹn sọ́wọ́ gómìnà. Igbó wà lábẹ́ ẹ̀ka kan, ìdọ̀tí ìgboro wà lábẹ́ òmíràn, omi ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ tó ń fà á ní Arákàǹgà. Àwọn ọba ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọ̀rọ̀ tiwọn, àwọn abọrẹ̀ ní tiwọn. Èkó náà ní tirẹ̀, nítorí láti Àkútè ni wọ́n ti ń fa omi Ògùn lọ sí Adíyàn, iléeṣẹ́ omi ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1991, tí wọ́n sì kọ́ láti máa pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ̀ọ̀nù lójúmọ́.

Odò yìí kò ṣaláìní olùtọ́jú, bí ẹ ti rí i. Ohun tí kò ní ni ibi kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ti ń jókòó, kí aláró àti ọ̀gá dáàmù lè gbọ́ ohùn ara wọn. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìhà púpọ̀, nílẹ̀ wa àti níbòmíràn, ohun tí mo sì rí ni pé ibi tí omi ti sàn, àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú omi náà ló jọ ṣe é pẹ̀lú ìjọba. Ibi tí wọ́n ti fi àṣẹ nìkan ṣe é, kò dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí aró, torí pé ibẹ̀ ni Abẹ́òkúta ti lórúkọ. Ẹni tó bá dé agbo aláró ní Kẹ́mta lọ́wọ́ ọ̀sán yóò bá wọn nídìí ike ńlá tí wọ́n ti po aró òyìnbó mọ́ sódà àti haidírọ́ọ̀sì. Wọ́n á ki aṣọ bọ inú rẹ̀, wọ́n á fi igi rò ó, wọ́n á fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà yọ ọ́. Bí atẹ́gùn bá ti kàn án, àwọ̀ aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú ẹni, bí ẹni pé nǹkan kan ń jí nínú òwú náà. Bó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi àbẹ́là ya iṣẹ́ sí, wọ́n á tún rì í sínú omi gbígbóná kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò, wọ́n á wá ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo omi yẹn, tòun ti sódà àti aró àti àbẹ́là, gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí. Gọ́tà á gbé e lọ sínú àwọn odò kéékèèké tó gba àárín ìlú kọjá, irú bíi Sókòrí, Sókòrí á sì gbé e lọ fún Ògùn. Sódà ń mú omi korò, ó sì lè pa ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú odò kékeré; aró ń dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ́wọ́ kó má lè wọ inú omi.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá àdìrẹ. Aṣọ yẹn ti tọ́ ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ó sì ti rán wọn níwèé. Ohun tó sì yẹ ká rántí ni pé wọ́n ti gbìyànjú láti fi òfin dá sódà dúró rí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọjà àdìrẹ ń ṣòjòjò, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó, torí pé àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń tètè gbó, pé àwọ̀ rẹ̀ sì ń ṣí. Ti odò kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Iyì ọjà ni ọba ń wá. Àwọn obìnrin aláró kò gbà. Wọ́n ní sódà ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá, pé wọn kò lè padà sí aró èlú tó ń gba ọjọ́ gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé e lórí ní ọdún 1936. Sódà náà rèé lónìí, ó ṣì wà nínú ike. Ọba ní àṣẹ, ó ní ọlọ́pàá, ó ní kóòtù, síbẹ̀ kò lè dá ohun tí àwọn aláró kò fọwọ́ sí dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá ń múra láti tún fòfin de nǹkan nínú agbo aláró lónìí, kó kọ́kọ́ ka ìtàn yẹn.

Ohun tó ṣe é ṣe wà, kò sì ga ju apá wọn lọ. Agbo kan lè gbẹ́ kòtò alábala mẹ́ta, kí omi máa ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa rọ̀ sísàlẹ̀, kí àbẹ́là máa léfòó, kí wọ́n sì dín agbára sódà kù kó tó dé gọ́tà. Àbẹ́là tí wọ́n bá kó lórí omi ṣe é yọ́ lò lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó jẹ́ owó lọ́wọ́ aláró. Àwọn onímọ̀ tó lè ṣírò bí kòtò náà ṣe yẹ kó tóbi tó kò jìnnà: Yunifásítì Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀, FUNAAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, wà ní ọ̀nà Alábàtà, wọ́n sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó dá lórí omi àti ojú ọjọ́. Ohun tó kù ni pé kí ìyá aláró àti ọ̀jọ̀gbọ́n jọ jókòó, kí ìyá má sì jẹ́ ẹni tí wọ́n wá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún ìwé nìkan.

Láfẹ́nwá ní tirẹ̀. Odò ẹran tó wà níbẹ̀ sún mọ́ omi gan-an, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú màlúù kì í rin ìrìn jíjìn kó tó dé odò. Bí ìgbẹ́ bá ń jẹrà nínú omi, ó máa ń fa atẹ́gùn tí ẹja fi ń mí tán. Èéfín táyà tí àwọn kan fi ń sun awọ fún pọ̀nmọ́ tún ń sọ eérú olóró sórí ilẹ̀, òjò á sì wá gbá a lọ. Àwọn olùwádìí ti kọ nípa Láfẹ́nwá tó, ìwé kọ́ ló kù. Ní Ìbàdàn, wọ́n gbé èrò kan kalẹ̀ fún odò ẹran Bódìjà: kí wọ́n máa kó ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ sínú àgbá tí atẹ́gùn kì í wọ̀, kó máa fún wọn ní gáàsì ìdáná, kí ìyókù sì di ajílẹ̀. Wọ́n pè é ní Cows to Kilowatts, ó sì gba ẹ̀bùn àgbáyé SEED ní ọdún 2005. Bí irú rẹ̀ bá máa dúró ní Láfẹ́nwá, a gbọ́dọ̀ fi gáàsì náà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ alápatà gan-an, kó jẹ́ pé bí àgbá bá dẹnu kọlẹ̀, àpò wọn ló ń gbẹ. Ohun ìjọba tí kò ní olówó nítòsí kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ìgboro nìkan kọ́ ló ń ṣe odò yìí. Lókè lọ́hùn-ún, igbó ń tán. Igi ló ń gba òjò lọ́wọ́ ojú ọ̀run, tó ń jẹ́ kó rọra wọlẹ̀, kó lè máa sun sínú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí wọ́n bá ti gé igi, tí iná sì ń jó ilẹ̀ lọ́dọọdún, òjò á sáré gorí ilẹ̀ lọ, á gbá ilẹ̀ dúdú dà sínú odò. Odò á kún fún yanrìn àti ẹrẹ̀, á yára kún àkúnya, á sì yára gbẹ.

A ní ẹ̀rí ohun tí igbó lè ṣe, ìtòsí wa ló sì wà. Ọdún 1899 ni wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ létí Odò Ògùn, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ó wà lára igbó ọba tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ hán-ún-hán-ún. Wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Nígbà tí wọ́n ka igi ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, èyí tí iná kò kàn ti di igbó dídí, àwọn igi tí kì í fara da iná ti gbabẹ̀ kan. Èyí tí wọ́n ń sun nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ṣì jẹ́ pápá, igi ibẹ̀ kò tó nǹkan. Wọn kò gbin igi kankan. Iná nìkan ni wọ́n lé kúrò. Ẹ̀kọ́ yìí ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ bí ìjọba bá ń sọ̀rọ̀ títún ilẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ gbígbin igi níwájú kámẹ́rà ni a sábà máa ń gbọ́. Èmi rò pé owó díẹ̀ tí a bá fún àwọn ọ̀dọ́ abúlé tí ń ṣọ́ iná ní oṣù kejìlá sí oṣù kẹta yóò so èso ju ẹgbẹ̀rún igi tí kò sẹ́ni tó bomi rin. Ọdẹ àti àgbẹ̀ ló ń dáná sungbó. Láìsí àwọn náà, kò sẹ́ni tó lè pa á.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1983, Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán. Ògiri rẹ̀ ga tó ọgbọ̀n mítà, ó gùn ju kìlómítà kan lọ, adágún rẹ̀ gba nǹkan bí 4,000 hẹ́kítà, ó sì lè gba 270 mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́fà omi. Wọ́n ní yóò fún Èkó àti Abẹ́òkúta lómi, yóò bomi rin oko, yóò sì fún wa ní iná mẹ́gáwáàtì 9. Iná náà kò tàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó yára dé ni àìsàn. Àwọn ará abúlé tí omi lé kúrò nílẹ̀ wọn tún ibòmíràn tẹ̀ dó létí adágún, ní Ìbarò, ní Abúlé Titun àti àyíká rẹ̀. Omi tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ ti di omi adágún, koríko hù sí etí rẹ̀, ìgbín inú omi tó ń gbé àtọ̀sí ajá sì bí sí i níbẹ̀. Inú omi yẹn ni wọ́n ti ń pẹja, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, inú rẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùwádìí ló ti lọ síbẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980, ohun tí wọ́n sì ń bá bọ̀ ni pé àìsàn náà wọ́pọ̀ láàárín ọmọdé ju bó ṣe yẹ lọ. Oògùn rẹ̀ wà, orúkọ rẹ̀ ni praziquantel, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ọmọ lóògùn lónìí, tó tún padà sínú adágún lọ́la nítorí kò sí kànga, kí lẹ ṣe?

Ẹ wá fi èyí wé Ìdèrè ní Ìbàràpá, tí òun náà wà nínú ilẹ̀ tó ń da omi sí Ògùn. Sòbìyà ló ń yọ Ìdèrè lẹ́nu. Kòkòrò kan tó gùn bí okùn ni, inú omi adágún ni ẹni ti ń mu ún, lẹ́yìn ọdún kan á wá máa yọ jáde lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ìrora tó lè so àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àsìkò oko gan-an. Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ní Ìbàràpá láti ọdún 1963. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sòbìyà dé, wọn kò fi oògùn bẹ̀rẹ̀, torí kò sí oògùn rẹ̀. Àwọn ará ìlú ni wọ́n kọ́ níṣẹ́. Àwọn tí wọ́n kọ́ yìí ló ń gbé asẹ́ aláṣọ kiri, aṣọ náílọ́ọ̀nù tí ojú rẹ̀ kéré débi pé omi á gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kòkòrò omi tíntín tó ń gbé sòbìyà kò ní lè kọjá. Wọ́n ń ta á fún ará àdúgbò wọn, wọ́n sì ń fi bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ẹnu ìkòkò hàn wọ́n. Wọ́n bá àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n bá ẹni tó gbà pé inú ara ẹni ni sòbìyà ti ń wá sọ̀rọ̀, láìbú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka aláìsàn sòbìyà káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n rí èyí tó ju 650,000 lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó kẹ́yìn. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìyà ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ìdèrè àti Ìbarò kò jìnnà síra. Ní Ìdèrè, ará ìlú wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní Ọ̀yán, wọ́n kó ará ìlú kúrò lójú iṣẹ́. Mi ò rí ohun mìíràn tó ṣe ìyàtọ̀ tó èyí.

Ọ̀rọ̀ omíyalé náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, Odò Ògùn kún bo ilé àwọn tó wà létí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2018, òjò ńlá kan rọ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ ní ìlú wa. Ìkejì yìí kò ti ọ̀dọ̀ dáàmù wá. Àwọn odò kéékèèké inú ìlú tí ilé àti pàǹtí ti há ló kún lójijì. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí: ní Sátidé ìmọ́tótó, ará àdúgbò á kó ọkọ́ jáde, wọ́n á gbá ẹrẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike kúrò nínú gọ́tà, wọ́n á kó o jọ sí etí gọ́tà náà, wọ́n á sì máa retí ọkọ̀ tí yóò kó o. Bí ọkọ̀ kò bá wá, òjò Túsìdeè á gbá gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ará àdúgbò ti ṣe ìpín tiwọn. Ìpín ẹnìkejì ni kò dé, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti jọ fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò wá. Ìbàdàn fojú rí jù wá lọ: omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún, owó tí wọ́n sì yá lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé láti tún ọ̀nà omi ibẹ̀ ṣe jẹ́ 200 mílíọ̀nù dọ́là.

Fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ dáàmù, ní Ìṣẹri àti àyíká rẹ̀, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ọjọ́ tí Ọ̀yán bá tú omi sílẹ̀. Lórí èyí, ẹ jẹ́ ká wo Odò Mono ní Tógò àti Benin, níbi tí àwọn ará wa tó ń sọ Ifẹ̀ ní Atakpamé ń gbé nítòsí. Ọdún 1987 ni dáàmù Nangbéto bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, àwọn abúlé ìsàlẹ̀ sì ń jìyà omi bíi ti Ìṣẹri. Àjọ Alágbélébùú Pupa ti Tógò ri òpó mọ́ etí odò, wọ́n kun ún ní àwọ̀ mẹ́ta, pupa ló wà lókè. Ará abúlé kan ni wọ́n fi ṣọ́ òpó kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ti kan àwọ̀ kejì, á gbé fóònù, á pe abúlé tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. Àwọn tó ń ṣàkóso dáàmù náà ń fi ìwọ̀n omi wọn ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà sì ń fi í ṣírò ọjọ́ tí ewu lè dé, kí wọ́n lè kó ẹrù ìrànwọ́ síta kí omi tó dé. Lọ́dọ̀ wa, Àjọ Ògùn òun Ọ̀ṣun àti Ìjọba Èkó máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ìtúsílẹ̀ omi, ìyẹn dára. Ẹni tó wà ní abúlé etí odò láàárín àwọn méjèèjì, ta ló ń pè é?

Àwọn kan á ní ilẹ̀ wa kò tíì rí irú àjùmọ̀ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti rí i. Ní Òṣogbo, láti ìparí àwọn ọdún 1950, Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àwọn abọrẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí jọ dúró gba igbó Ọ̀ṣun lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gé e, tí wọ́n fẹ́ tà á. Igbó hẹ́kítà 75 náà wọ ìwé UNESCO ní ọdún 2005. Ìgbàgbọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àti òfin ló jọ dáàbò bò ó. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní láti kìlọ̀ fún olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi Ọ̀ṣun níbi ọdún, nítorí àwọn tó ń wa wúrà lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Àwọn tó ṣọ́ igbó kò ṣẹ̀. Ìlú òkè ni kò sí nínú àdéhùn.

Ìhà Òkè Ọya gbìyànjú ohun tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dáàmù Tiga àti Challawa ti dín omi Komadugu-Yobe kù fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, apẹja àti àgbẹ̀ sì ń bá ara wọn jà. Ní ọdún 2006, ìpínlẹ̀ mẹ́fà àti ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún agbada odò náà. Kò rọrùn, owó kì í sì í fìgbà gbogbo wọlé bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ṣùgbọ́n bí ìpínlẹ̀ mẹ́fà bá lè jókòó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó, ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó ń sọ èdè kan náà, kò ní àwíjàre. Èkó àti Ògùn tilẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé àjọṣe ìdàgbàsókè ní ọdún 2021; odò tó so wọ́n pọ̀ yẹ kó wà lókè nínú iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì pe Ọ̀yọ́ wọlé.

Ní ti owó, ilẹ̀ Kẹ́ńyà ló fi ọ̀nà hàn mí jù. Odò Tana ló ń fún Nairobi ní èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀. Ní ọdún 2015 wọ́n dá àpò owó omi sílẹ̀, nínú èyí tí iléeṣẹ́ omi ìlú àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń lo omi ń dá owó sí, kí wọ́n lè ran àgbẹ̀ òkè odò lọ́wọ́ láti fi ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti láti gbin igi sétí omi. Àgbẹ̀ rí èrè oko, ìlú rí omi tí ẹrẹ̀ rẹ̀ dínkù. Àánú kọ́ ló mú ìlú san owó yẹn. Owó tí ìlú ì bá fi sẹ́ ẹrẹ̀ kúrò nínú omi ni. Èkó ń mu omi Ògùn. Bí díẹ̀ nínú owó omi Adíyàn bá ń padà lọ sókè odò, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ iná ní Olókèméjì àti àwọn tó ń gbẹ́ kòtò aró ní Kẹ́mta, kò ní jẹ́ ọrẹ, gbèsè ni wọ́n ń san.

Èmi ì bá fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, lórí Sókòrí. Odò kan tí ẹni lè fẹsẹ̀ rìn láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kò tóbi jù fún ìgbìmọ̀ àdúgbò. Ẹ kó ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tó wà létí rẹ̀ jọ, ẹ pe ẹgbẹ́ aláró, ẹ pe ìyálọ́jà, ẹ pe FUNAAB kí wọ́n máa yẹ omi wò lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ojú pátákó níbi tí gbogbo ènìyàn lè kà á lédè Yorùbá. Ẹ̀gbá kò ṣàì mọ̀ nípa ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣíwájú, dìde sí ọ̀rọ̀ owó orí ní 1947 títí ọba fi kúrò lórí oyè ní 1949. Àwọn tó lè ṣe ìyẹn lè jókòó lórí ọ̀rọ̀ odò.

Ọ̀rọ̀ dáàmù ni kò lè dúró de Sókòrí. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni Ọ̀yán sábà máa ń kún jù, àsìkò yẹn náà sì ni ìtúsílẹ̀ omi máa ń pọ̀. Ó yẹ kí Àjọ Ògùn òun Ọ̀ṣun pe ìpàdé kan kí oṣù kẹjọ tó parí, kí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó rán aṣojú wá, kí ẹni kan wá láti Ìṣẹri, kí ẹni kan wá láti Ìbarò, kí ìwé ìtúsílẹ̀ omi ti ọdún náà sì wà lórí tábìlì fún gbogbo wọn láti kà.